Ọ̀pá Gbọọrọ

Olè tó bá wọ yàrá lọ́sàn-án gangan, tó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lórí tábìlì, tó fi aago ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó wá jí igi àti káàdì kan ṣoṣo lọ, kì í ṣe olè tí ebi ń pa. Ohun tí Inspẹ́kítọ̀ kọ́kọ́ rò nìyẹn lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nígbà tó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù Tíṣà Àgbà, tó ń wo ojú àgádágodo tí wọ́n fi irin já.

Obìnrin kúkúrú ni Inspẹ́kítọ̀ yìí, ara rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Ó mọ̀, kò sì bínú, nítorí kò tíì sí ibi tí abẹ́rẹ́ wọ̀ tí okùn ò tẹ̀ lé e. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi wá olè nínú ìlú yìí, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé ìsinmi ló máa ń rẹ̀ ẹ́.

Yàrá iṣẹ́ Tíṣà gùn, ó tóóró, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tí oòrùn ti gbó ló wà lójú fèrèsé rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù náà gba ògiri kan, dúrọ́ọ̀ kéékèèké ló kún ara rẹ̀, ogójì ni gbogbo wọn, káàdì ló sì kún inú wọn. Ọdún márùndínlógójì ni Tíṣà fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ìlú ló ń kó jọ láti fi ṣe ìwé. Ọ̀rọ̀ kan, káàdì kan: ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tó sọ ọ́, àti ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì ọ̀la, ni gbogbo rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.

Tíṣà kì í to káàdì rẹ̀ ní a, b, d bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti jáde ló fi ń tò ó. Ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ tiwọn, ọ̀rọ̀ àwọn alápatà wà nínú tiwọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ti àwọn onísọ̀ọ́ aṣọ. Dúrọ́ọ̀ tí wọ́n kọ "Aṣọ" sí lára nìkan ni wọ́n já. Káàdì kan ni wọ́n yọ níbẹ̀. Igi tí wọ́n jí pẹ̀lú rẹ̀ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù náà tẹ́lẹ̀, nínú àpò aṣọ tí wọ́n rán pa lẹ́nu.

Inspẹ́kítọ̀ tẹ̀ síwájú, ó wo dúrọ́ọ̀ náà dáadáa, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ìlú náà ì bá sọ.

"Gbọọrọ wo ló tún ṣe irú èyí?"

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nínú ìlú yẹn, ẹnikẹ́ni kì í pe ẹlẹ́tàn ní ẹlẹ́tàn. Gbọọrọ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó kó ọsàn tó ti rà sísàlẹ̀, tó kó èyí tó dán sókè, gbọọrọ ni. Ọmọ tó wo ìwé ẹlòmíràn nígbà ìdánwò, gbọọrọ kékeré ni. Olóṣèlú tó ṣèlérí afárá tí kò sí odò lábẹ́ rẹ̀, gbọọrọ paraku nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, ọmọdé ibẹ̀ á sì kọ́kọ́ fi bú ọ kó tó kọ́ ìkíni.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Télọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún, téèpù ìwọ̀n aṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Bàbá mi ni," ó ní.

"Ta ni bàbá yín, mà?"

"Gbọọrọ. Bàbá mi ló ń jẹ́ Gbọọrọ."

Ọmọbìnrin tó ń bá Tíṣà tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wá bírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inspẹ́kítọ̀, tí kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, tẹ orí ba.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn ni."

"Kò sẹ́ni tó mọ̀," ni Ìyá Télọ̀ dáhùn. "Ìdí tí mo fi gbé ọ̀pá náà wá síbí nìyẹn."

Tíṣà ló wá fi ìtàn náà lélẹ̀. Káfíńtà ni bàbá Ìyá Télọ̀, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ló ń gbẹ́ fún gbogbo ọjà. Nítorí gíga rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é ní Gbọọrọ. Lọ́jọ́ kan, ní ọdún méjìléláàádọ́ta sẹ́yìn, oníbàárà kan ká ọ̀pá tó kúrú mọ́ onísọ̀ọ́ aṣọ kan lọ́wọ́. Onísọ̀ọ́ náà ní bí Gbọọrọ ṣe tà á fún òun nìyẹn. Wọ́n gba ọ̀pá náà, wọ́n fi kọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ aláṣọ, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Ẹnìkan ò ra igi lọ́wọ́ Gbọọrọ mọ́. Ó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì pé ọdún mẹ́ta tó fi kú.

"Orúkọ rẹ̀ ni kò kú," ni Tíṣà wí. "Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Wọ́n ń fi bú onísọ̀ọ́, wọ́n wá ń fi bú gbogbo ayé."

"Igi tí wọ́n jí yìí ńkọ́?"

"Ọ̀pá tó gbẹ́ kẹ́yìn ni," ni Ìyá Télọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ló wà títí wọ́n fi kú lọ́dún tó kọjá. Mo ní kí Tíṣà gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lára ògiri, lójú gbogbo ènìyàn, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ìwé tó lọ. Kí wọ́n rí i pé ọ̀pá bàbá mi máa ń pé."

Inspẹ́kítọ̀ yíjú sí Tíṣà. "Bí a ò bá rí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì?"

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún. "Ohun tí ìlú ń sọ ni mo máa kọ. Ẹlẹ́tàn, láti ara orúkọ káfíńtà kan tó ń gé ọ̀pá kúrú. Ó dùn mí o. Àmọ́ mi ò lè fi omijé ọmọ kọ ìwé ọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n rí nǹkan tí mo lè fojú rí."

Ìyá Télọ̀ dìde, ó tún téèpù ọrùn rẹ̀ ṣe, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ gún bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ọmọbìnrin atẹ̀kọ̀ǹpútà ni Inspẹ́kítọ̀ kọ́kọ́ bi léèrè. Yàrá ìta ni tábìlì rẹ̀ wà, kò sì sẹ́ni tó lè dé yàrá Tíṣà láìkọjá lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò fi gbọ́ ìró irin?"

"Mo ki nǹkan bọ etí, mà. Ohùn àwọn àgbàlagbà tí Tíṣà gbà sílẹ̀ ni mo ń gbọ́, mo sì ń tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ mo rí gbogbo ẹni tó wọlé. Tíṣà lọ sí ilé ìwòsàn ojú láago mẹ́wàá. Kí wọ́n tó dé láago kan, ènìyàn mẹ́ta ló wá."

"Máa kà wọ́n fún mi. Má gbàgbé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn."

"Ìyá Télọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo bóyá ọ̀pá ṣì wà níbẹ̀. Báàgì ìfàlọ́wọ́ kékeré ló wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá Atẹ̀wé tẹ̀ lé wọn, wọ́n gbé páálí wá, ojú ewé méjì tó kù ni wọ́n wá kó. Alága ẹgbẹ́ aláṣọ ló dé kẹ́yìn. Róòlù aṣọ kan wà léjìká wọn, aláwọ̀ ewé, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe kọ́tìnnì tuntun fún Tíṣà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n wọlé lọ wò ó, wọ́n tún gbé e jáde. Wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ ò bá yàrá mu."

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ bí Tíṣà ṣe ń to káàdì?"

"Ẹni tó bá ti jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú Tíṣà mọ̀ ọ́n, mà. Wọn kì í sọ nǹkan mìíràn."

Inspẹ́kítọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kó tó jáde, ó tún wo ojú fèrèsé lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ìka kan kọ́tìnnì.

Ó bá Ìyá Télọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju ibùsùn méjì lọ. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ wà létòlétò, àní àjákù òwú ní agolo tirẹ̀.

"Mà, àwọn kan ń sọ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé ọ̀pá yín sá. Wọ́n ní kò pé, ẹ̀rù ọjọ́ Ẹtì ló bà yín. Wọ́n tún ní ẹ pariwo mọ́ Tíṣà lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Mo pariwo mọ́ ọn. Ìgbà tí mo ka káàdì náà ni. Ìwọ náà ì bá pariwo." Ìyá Télọ̀ dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Ọmọ mi, gbọ́. Wọ́n lé mi nílé ìwé, wọ́n ní ọmọ Gbọọrọ ń bọ̀, ẹ di àpò yín mú. Ọkọ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́, àwọn èèyàn rẹ̀ ní àwọn ò lè pe gbọọrọ ní àna. Mo wá kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ogójì ọdún ni mo ti fi ń rán aṣọ, aṣọ tó bá ṣẹ́ kù, bó kéré bí ìka, mo máa ń dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ṣé ẹ̀rù ìwọ̀n ló máa wá bà mí?"

"Báwo ni bàbá yín ṣe máa ń ṣe ọ̀pá wọn?"

Ojú obìnrin náà mọ́lẹ̀, ọdún bí ogún sì kúrò lára rẹ̀. "Èmi ni mo máa ń bá wọn di orí okùn mú. Wọ́n á gé igi, wọ́n á fá a títí á fi dán. Wọ́n á wá na okùn láti orí dé ìdí rẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ okùn náà po sí méjì, ibi tó bá parí sí ni wọ́n ń kan ìṣó idẹ kan sí. Àárín gangan nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìdajì ọ̀pá aṣọ, kó má bàa sí àríyànjiyàn. Iṣẹ́ ìkẹyìn tí wọ́n ń ṣe lára ọ̀pá ni. Kò sí káfíńtà mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá bàbá mi, o lè fi wọn ojú ọ̀run."

"Ẹ sọ èyí fún Tíṣà?"

"Mo sọ ọ́. Ó kọ ọ́ sára káàdì."

Inspẹ́kítọ̀ kí i, ó sì bẹ̀ ẹ́ fún okùn tó gùn tó apá méjì. Ìyá Télọ̀ fún un láìbèèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ọ̀gá Atẹ̀wé ò jẹ́ kó jókòó kó tó máa sọ̀rọ̀. Yíǹkì kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Inspẹ́kítọ̀, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ̀rọ mi méjì ń dúró de ìwé yìí, ẹ ń wá igi kiri. Bó bá jẹ́ igi lẹ fẹ́, igi wà lẹ́yìnkùlé."

"Páálí tí ẹ gbé lọ síbẹ̀ dà?"

Ó nawọ́ sí i. Inspẹ́kítọ̀ na téèpù lé e. Kò tó ìdajì ọ̀pá aṣọ, ọ̀pá odidi ò sì ṣeé ká bí ẹní. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Atẹ̀wé ń bú gbọọrọ tó dá iṣẹ́ òun dúró títí obìnrin náà fi yà ní kọ̀rọ̀ òpópónà.

Ṣọ́ọ̀bù Alága ló tóbi jù lọ nínú ọjà. Róòlù aṣọ dúró tì ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé ìparí, bí ọgọ́rùn-ún méjì. Alága fúnra rẹ̀ sanra, ó yá mọ́ọ̀yàn, òun ló sì ra bébà tí wọ́n fẹ́ fi tẹ ìwé Tíṣà.

"Ẹ káàbọ̀, Mádàámù. Mo ti gbọ́. Nǹkan ìtìjú gbáà ni."

"Ẹ̀yin lẹ wọ yàrá yẹn kẹ́yìn, sà."

"Mo wọ̀ ọ́, mo sì jáde. Aṣọ kọ́tìnnì ni mo gbé lọ, kò bá ibẹ̀ mu." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mádàámù, mi ò fẹ́ kó jọ pé mo ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni wọ́n ti mú ọ̀pá kúkúrú yẹn. Àwa gan-an ni Gbọọrọ kọ́kọ́ rẹ́ jẹ. Síbẹ̀, mi ò bá ọmọ rẹ̀ ṣọ̀tá rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá pé, kí ló dé tó fi pòórá nígbà tó ku ọjọ́ méjì?"

"Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. Ó ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fọwọ́ pa aṣọ kọ̀ọ̀kan. "Ó mà jọ pé èmi náà nílò kọ́tìnnì. Fèrèsé ọ́fíìsì mi ti di ìran. Èyí aláwọ̀ ewé yìí wù mí. Ẹ bá mi wọn ọ̀pá mẹ́rin níbẹ̀."

Ọwọ́ Alága dúró lójú ọ̀nà.

"Ìyẹn? Wọ́n ti rà á, Mádàámù. Gbogbo róòlù yẹn ni. Ẹ wo aláwọ̀ ojú ọ̀run yìí, ó dára jù ú lọ, mo fi ta yín lọ́rẹ."

"Ẹ jẹ́ kí n kàn rí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n bá tú u."

"Bí mo bá tú u, kò ní ká dáadáa mọ́. Ẹ má bínú."

Inspẹ́kítọ̀ ò bínú. Ó ní òun á padà wá, ó sì dúpẹ́. Nígbà tó dé òpópónà, ó pe kọ́ńsítébù rẹ̀ lórí fóònù, ó ní kó lọ gba ìwé àṣẹ ìtúlé lọ́wọ́ adájọ́, kó sì yan ẹni méjì tí yóò máa wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà láìwọ aṣọ iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ aṣọ́gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ aláṣọ ló kọrí sí lẹ́yìn náà. Ó ní kó bá òun gbé àkàbà wá. Ó gun àkàbà náà, ó na okùn Ìyá Télọ̀ lé ọ̀pá ara ògiri láti orí dé ìdí, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó sì tún nà án. Ó dúró lórí àkàbà náà fún ìgbà díẹ̀. Aṣọ́gbọ̀ngàn ní òun ò rí ọlọ́pàá tó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí igi rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn kún. Tíṣà jókòó níwájú pẹ̀lú ìwé rẹ̀, Ọ̀gá Atẹ̀wé ń wo aago, Ìyá Télọ̀ sì dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Alága jókòó sórí àga alága.

"Ọ̀pá tí wọ́n jí ti dé," ni Inspẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀. "Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe rí i."

Ó ṣẹ́jú sí kọ́ńsítébù. Kọ́ńsítébù gbé róòlù aṣọ aláwọ̀ ewé tó fi ìwé àṣẹ gbà ní ṣọ́ọ̀bù Alága wọlé, ó gbé e lélẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn. Alága dìde díẹ̀, ó tún jókòó.

"Ẹni mẹ́ta ló wọ yàrá Tíṣà. Báàgì ẹnìkan kéré, páálí ẹnìkan kúrú. Igi tó gùn tó odidi ọ̀pá aṣọ ò lè gba òpópónà ọjà kọjá lọ́sàn-án kí ojú má rí i, àfi bó bá wà nínú nǹkan tí gbogbo ayé máa ń rí léjìká aláṣọ. Alága ní àwọ̀ aṣọ yìí ni kò bá yàrá Tíṣà mu, ló fi gbé e padà. Mo wo kọ́tìnnì tó wà níbẹ̀. Àwọ̀ ewé kan náà ni. Mo wá ní kó ta aṣọ yìí fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ dá mi lóhùn: ta ló ti rí onísọ̀ọ́ tí kò fẹ́ tú aṣọ fún oníbàárà wò rí?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kọ́ńsítébù ti róòlù náà, ó sì ń tú lọ, títí àpò aṣọ tí wọ́n fi òwú pupa rán fi yọ ní inú rẹ̀. Orí kan rẹ̀ ti tú. Káàdì Tíṣà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbé e," ni Alága wí. Ohùn rẹ̀ ò mì. "Mo gbé e kí ìlú má bàa fi Ìyá Télọ̀ ṣẹlẹ́yà. Ọ̀rọ̀ ìgbà láéláé ni. Bó bá pé, kí ló sọ? Èyí tó wà lára ògiri kúrú, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ni Inspẹ́kítọ̀ dáhùn. Ó ní kí aṣọ́gbọ̀ngàn sọ ọ̀pá ògiri náà kalẹ̀. Ó gbé àwọn méjèèjì sórí tábìlì, ó sì to ìṣó idẹ wọn ṣe déédéé. "Tíṣà, ẹ wá fi ojú yín wò ó. Ẹ wo apá òsì."

Tíṣà tẹ̀ ba. "Wọ́n dọ́gba. Wọ́n dọ́gba pátápátá."

"Apá ọ̀tún?"

"Ti ògiri fi ìka mẹ́ta kúrú."

"Ìka mẹ́ta, apá kan ṣoṣo. Gbọọrọ máa ń gé igi tán, kó tó ṣẹ́ okùn po sí méjì láti wá àárín rẹ̀. Ká ní òun ló gbẹ́ ọ̀pá kúkúrú, ìṣó rẹ̀ ì bá wà láàárín ọ̀pá kúkúrú. Ọ̀pá yìí pé nígbà tí ìṣó wọ ara rẹ̀. Onísọ̀ọ́ náà rà á ní pípé. Ẹni tó gé e gé e lẹ́yìn náà, kò sì bìkítà nípa ohun tí ìṣó ń ṣe. Ẹ wo ojú gígé: ayùn rẹ̀ kú, ó sì fi ọ̀dà kùn ún kí ó má hàn. Káfíńtà tó fá igi títí ó fi dán báyìí kì í gé igi bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọdún méjìléláàádọ́ta ló fi wà lókè lójú gbogbo wa. Ó ga jù, a sì ti mọ ohun tí a fẹ́ gbà gbọ́ ká tó wò ó."

Inspẹ́kítọ̀ kọjú sí Alága.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ohun tí gbogbo ènìyàn máa rí bí àwọn méjèèjì bá sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá mú ti ògiri, ẹ̀yin ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ni wọn ì bá bi. Lẹ fi lọ mú èkejì, pẹ̀lú káàdì tí ọ̀rọ̀ ìṣó wà lára rẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí tí ẹ ò fi dáná sun ún."

Alága wo igi náà títí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn onísọ̀ọ́ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Mo fẹ́ sun ún. Mo tú àpò rẹ̀, mo yọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń ta aṣọ, mi ò tíì rí igi tó gún régé tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Bàbá mi ló gé e. Wọ́n sọ fún mi kí wọ́n tó kú, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ògiri yẹn. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣọ́ ọ."

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a," ni àgbà aláṣọ kan wí níwájú. Ariwo wá bẹ́. Wọ́n ń pe Alága ní ohun tí ẹ lérò pé wọ́n máa pè é, ẹnu wọn ò tíì kọ́ ohun tí ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ẹlòmíràn ké sí Tíṣà pé kó yí orúkọ padà nínú ìwé: orúkọ bàbá Alága ni kó máa jẹ́ ẹlẹ́tàn láti òní lọ. Inú wọn dùn sí i. Tíṣà pàápàá ti ṣí bírò.

"Ẹ má kọ ọ́."

Ìyá Télọ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ti rìn wá síwájú, ènìyàn ń yà fún un, ó sì gbé ọwọ́ lé ọ̀pá bàbá rẹ̀.

"Ọkùnrin yìí ní ọmọ mẹ́rin, mo ti rán aṣọ ilé ìwé fún méjì nínú wọn. Mo mọ bó ṣe rí kí wọ́n máa fi orúkọ bàbá rẹ bú olè ní kíláàsì. Ẹ má fi orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́. Olè tó jà, ọlọ́pàá ló ni ín. Bàbá tèmi nìkan ni kí ẹ kọ, kí ẹ kọ ọ́ dáadáa."

Inspẹ́kítọ̀ jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé nínú ọdún mọ́kàndínlógún, òun ò tíì fi ẹni tí òun ṣiṣẹ́ fún yangàn bí ọjọ́ yẹn. Ó mú Alága lọ sí àgọ́ láìfi nǹkan dè é lọ́wọ́. Ọ̀gá Atẹ̀wé ò sọ̀rọ̀ aago mọ́. Tíṣà sì jókòó sí tábìlì gbọ̀ngàn níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, ó kọ káàdì tuntun, ó sì kà á sókè.

"Gbọọrọ. Orúkọ ìnagijẹ káfíńtà kan nínú ìlú yìí, tó ga, tí ọ̀pá rẹ̀ pé. Fún ọdún méjìléláàádọ́ta, a fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn ẹlẹ́tàn, nítorí ẹlẹ́tàn kan purọ́ mọ́ ọn, a ò sì wọ̀n ọ́n wò."

Ọ̀pá pípé náà ni wọ́n fi kọ́ ògiri, ní ìsàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn aláṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀pá tiwọn wá síbẹ̀ láti fi wé e. Àwọn káfíńtà ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó idẹ sí àárín ọ̀pá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Inspẹ́kítọ̀ lọ gba kọ́tìnnì ọ́fíìsì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Télọ̀. Ní ìdojúkọ ibẹ̀, ìyá àgbà kan ń ra aṣọ. Ó fi ojú fo ọ̀pá onísọ̀ọ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìyàwó, ọ̀pá rẹ yìí ńkọ́, ṣé ó pé?"

Onísọ̀ọ́ náà fi èékánná kan ìṣó idẹ àárín rẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Gbọọrọ ni."

"Ó dáa. Wọn ọ̀pá mẹ́ta fún mi."

Inspẹ́kítọ̀ wo Ìyá Télọ̀. Ó gbọ́ ọ, ó hàn lójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó fa òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó sì ń rán kọ́tìnnì náà lọ.